CD tí yóò kọrin nínú sítẹ́rìò àtijọ́ Bàbá

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ nípa CD tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú kọ̀ǹpútà yín ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n “No Disc” ni sítẹ́rìò wọn ń gbé jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí wọ́n gbé e sọnù. Ẹ ṣáà ní MP3 (fáìlì orin kọ̀ǹpútà) lẹ kó síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sítẹ́rìò ayé ìgbà yẹn kò gbọ́ MP3 rárá, audio CD nìkan ló mọ̀, irú CD orin tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ẹ ṣí Windows Media Player (lórí Windows 11, èyí tí wọ́n kọ Legacy sí ni kí ẹ wá), ẹ lọ sí Burn, kí ẹ yan Audio CD nínú Burn options. Ẹ má fọwọ́ kan Data CD, fáìlì lásán nìyẹn máa ń kó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Mac ni, ẹ to orin jọ sí playlist kan nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Music, kí ẹ wá tẹ Burn Playlist to Disc. Ìṣẹ́jú 80 péré ni CD kan ń gbà, nítorí náà ẹ yan orin tí Bàbá fẹ́ràn jù. Orin tí ẹ ń san owó oṣooṣù fún lórí Apple Music tàbí Spotify kò ní gbà kí ẹ kọ ọ́ sí CD. Èyí tí ẹ rà tàbí tí ẹ kọ láti ara CD yín ni kí ẹ lò.

CD-R, èyí tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni kí ẹ rà. CD-RW, èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ, kì í dá ìmọ́lẹ̀ lésà padà tó, ojú ẹ̀rọ àtijọ́ kì í sì í rí i. Ẹ ka ara páálí dáadáa, torí DVD-R jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ má sáré kọ ọ́: ìyára 8x tàbí 16x ti tó, bí drive (ẹ̀rọ tó ń kọ CD) yín bá gbà. Bí ètò míì bá bi yín ní Finalize, ìyẹn pé kó ti CD náà pa, ẹ gbà fún un. CD tí wọn kò tì, kọ̀ǹpútà lè kà á, sítẹ́rìò kò ní kà á.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni orin jùjú àti fújì. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń wọnú ara wọn lọ. Tí ẹ bá gé e sí wẹ́wẹ́, ètò náà á ki ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì bọ àárín wọn. Gángan ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo rẹ̀ á fi dákẹ́ lójijì, inú àgbà kì í dùn sí i. Nínú Windows Media Player, ẹ lọ sí Options, ẹ tẹ Burn, ẹ mú Burn CD without gaps. Lórí Mac, ẹ fi gap (àlàfo àárín orin) sí none.

Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn lára, ooru ilé á mú kó ṣí, ó sì lè há sínú ẹ̀rọ. Máákà ni kí ẹ fi kọ orúkọ orin sí i lókè, kì í ṣe bírò. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú rédíò CD àtijọ́ kan níbẹ̀ kí ẹ tó dì í: tí iye orin àti àkókò wọn bá jáde lójú rẹ̀, ó ti dára nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ ní kí Bàbá fi CD tí wọ́n rà lọ́jà sí i. Bí ìyẹn náà kò bá kọrin, ojú lésà ló dọ̀tí tàbí tó ti rẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni kí wọ́n pè.