Ó Fẹ́ràn Òkìtì Títa, Ṣùgbọ́n Ó Ń Sùn ní Kíláàsì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà lórí eré jimnásíìkì ọmọdé pọ̀ lóṣù yìí, láti Adó títí dé Ìkọ̀lé. Mẹ́rin la mú nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ la dáhùn jù, torí pé ohun tó ń da ìyá yìí láàmú ló ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8, pírámárì 4 ló wà. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó jimnásíìkì. Aago 5 ààbọ̀ ìdájí ló ń jí. Ilé ìwé ń jáde ní aago 2, lẹ́sìn ń parí ní aago 3 ààbọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gba ọ̀dọ̀ kóòṣì lọ: aago 4 sí 6 ààbọ̀ ní Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, aago 8 sí 12 ní Àbámẹ́ta. Kó tó jẹun, kó wẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, aago 10 alẹ́ ti lù. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé ó ń sùn sórí tábìlì. Kóòṣì ní kí n fi ọjọ́ Ẹtì kún un nítorí pé ó ní ẹ̀bùn. Bàbá rẹ̀ ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Ìyá kan, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ má yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì fi ọjọ́ Ẹtì kún un. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ ṣírò oorun rẹ̀.

Ọmọ tó wà láàrin ọdún 6 sí 12 gbọ́dọ̀ máa sun oorun wákàtí 9 sí 12 nínú wákàtí 24. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 5 ààbọ̀ ìdájí, wákàtí 7 ààbọ̀ ni. Ká tiẹ̀ ní wákàtí 9 péré la fẹ́, gbèsè wákàtí kan ààbọ̀ ló ń jẹ lálaalẹ́. Láti alẹ́ Àìkú sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbèsè yẹn ti di wákàtí 7 ààbọ̀. Odidi oorun òru kan ló ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá gbórí lé tábìlì ní kíláàsì, ara ló ń gba gbèsè rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án nítorí ẹ̀.

Ẹ wá ṣírò eré. Wákàtí 2 ààbọ̀ lọ́nà 4 jẹ́ 10, ẹ fi 4 ti Àbámẹ́ta kún un, ó di 14. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà eré ìdárayá ń tẹ̀lé ni pé kí wákàtí tí ọmọ ń lò lábẹ́ kóòṣì lọ́sẹ̀ má ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ọmọ ọdún 8, wákàtí 8. Kó sì ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí kò ní ta òkìtì kankan.

Inú eegun ni ìdí rẹ̀ wà. Ní ìpẹ̀kun eegun ọmọdé, níbi tí eegun ti ń gùn sí i, kèrékèré (eegun rírọ̀) ló wà níbẹ̀, kò tíì gbó. Ọwọ́ ló sì ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nínú jimnásíìkì: gbogbo ìwúwo ara ń bọ́ sórí ọrùn ọwọ́ nígbà tí ọmọ bá dorí kodò tó fi ọwọ́ méjèèjì dúró. Ọmọ tó sùn dáadáa á na ìgbọ̀nwọ́ gbọnrangandan, á fún ikùn pọ̀, á ti ejìká sókè. Ẹ wá wo ọmọ tó ti rẹ̀ nídìí ohun kan náà. Ìgbọ̀nwọ́ ló ń kọ́kọ́ yẹ̀, ejìká á rì, ìbàdí á tẹ̀ sẹ́yìn, orí ló sì máa ń kanlẹ̀. Tó bá fò sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ kì í ká dáadáa mọ́, gìgísẹ̀ ló ń gba gbogbo ipá ìbalẹ̀ náà. Igi tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ nínú eré yìí, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Kí oorun gbé ojú lọ fẹ́ẹ́ ti tó kéèyàn ré bọ́.

Ètò tí a dábàá rèé. Kó máa lọ ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago 4 sí 6, àti ní Àbámẹ́ta, aago 8 sí 11. Wákàtí 7 nìyẹn. Lẹ́sìn la máa yọ kúrò ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, a mọ̀ pé àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń tòògbé ò gbọ́ nǹkan kan nínú lẹ́sìn náà. Tó bá jáde ní aago 2, kó jẹun, kó sì sùn fún ìṣẹ́jú 30, kó ti jí kí aago 3 ààbọ̀ tó lù. Ní Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, kó dúró ní lẹ́sìn. Ẹ bẹ tíṣà rẹ̀ kó máa sọ iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ náà fún yín láti ọjọ́ Ajé, kí ọmọ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ láwọn ọjọ́ tí kò sí eré.

Ní ọjọ́ eré, kó délé ní aago 6 ààbọ̀, kó wẹ̀, kó jẹun, kó jókòó ti ìwé fún ìṣẹ́jú 30 péré, kó sì ti wà lórí ibùsùn ní aago 8, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, láìsí fóònù lọ́wọ́. Tí oorun bá gbé e lọ ní aago 8 ààbọ̀, wákàtí 9 á pé ní aago 5 ààbọ̀. Tí ẹ bá ti lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ láti alẹ́, tí ìwé ti wà nínú báàgì, tí ẹlòmíràn sì ń bá a pọn omi ìdájí, ó lè sùn di aago 6.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í kà sí: oorun orí ọ̀kadà. Ọmọ á jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó délé, iwájú orí rẹ̀ á ti máa gbá ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ọwọ́ tó fi di aṣọ mú á ti tú. Ewu ni, ó sì tún ń ba oorun alẹ́ jẹ́. Ìṣẹ́jú 20 tó bá sùn nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lè lé oorun lọ lójú rẹ̀ títí aago 9 á fi kọjá, ẹ̀yin á sì rò pé orí kunkun ló ń ṣe. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láwọn ọjọ́ yẹn bí agbára bá ká a, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi délé. Oorun ọ̀sán tí a sọ lókè ò lè ṣe irú èyí, torí pé ó jìnnà sí alẹ́.

Ó ku kóòṣì. Ẹ bá a sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ dín in kù sí ọjọ́ 3 fún ọ̀sẹ̀ 4, ká wo bí ara rẹ̀ ṣe máa gbà á." Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú pé kó máa kọ́ ọ ní ohun tuntun ní wákàtí àkọ́kọ́ nígbà tí ara ṣì yá, kó fi nínà ara sí ìparí. Ní ti ẹ̀bùn tó ń sọ, láti 1997 ni àjọ jimnásíìkì àgbáyé ti sọ pé obìnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún 16 láàrin ọdún ìdíje kó tó lè bá àwọn àgbà díje, bí ó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ọdún 8 ṣì wà níwájú ọmọ yín. Àìlọ ní ọjọ́ Ẹtì kò ní gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìwé tí ẹ fi ṣírò han bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ wo ohun mẹ́ta: ṣé ó ń jí fúnra rẹ̀ kí ẹ tó pè é, ṣé ẹkún tí kò nídìí ti dín kù, ṣé òkìtì tó ti mọ̀ ọ́n ta tẹ́lẹ̀ tún ti ń dán mọ́ràn? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ di ètò yẹn mú. Bí ìdánwò bá sún mọ́lé, ẹ dín eré kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má dá a dúró, kí kóòṣì má sì kọ́ ọ ní ohun tuntun lásìkò yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 10, máa ń jẹ iyán ní aago 3 kó tó lọ ta òkìtì ní aago 4. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sì jẹun, òòyì á máa kọ́ ọ. (Bàbá kan, Ìkéré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Bàbá, iyán ò ṣẹ̀, àkókò rẹ̀ ló ṣẹ̀. Oúnjẹ tó wúwo nílò wákàtí 2 sí 3 kó tó kúrò nínú ikùn. Ọmọ tó sì dorí kodò pẹ̀lú ikùn kíkún, oúnjẹ á wá ọ̀nà àbájáde. Ẹ gbé iyán sí alẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, tàbí sí ọ̀sán Àbámẹ́ta lẹ́yìn eré. Tó bá ti ilé ìwé dé lẹ́yìn aago 2, mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kan tó, tàbí ìrẹsì àti ẹ̀wà díẹ̀. Tí aago 3 bá ti kọjá kó tó délé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì péré ni kó jẹ.

Ní ti òòyì, ẹ wo ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Ògì nìkan ní aago 6 ààbọ̀ ò lè gbé ọmọ dé ọ̀sán. Ẹ fi àkàrà tàbí ẹyin bíbọ̀ tì í. Omi náà ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Kó mu ìdajì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa mu nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20-20 tó bá ń ṣeré, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn eré, kí wákàtí kan má kọjá kó tó jẹ oúnjẹ tó ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí wàrà nínú, torí òun ló ń tún iṣan ṣe. Ẹ má fún un ní ohun mímu agbára inú agolo rárá. Kaféènì inú rẹ̀ ń mú àyà ọmọdé lù kìkì, ó sì ń gba oorun lójú rẹ̀ lálẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé òkìtì títa kì í jẹ́ kí ọmọ ga? (Ìyá àgbà kan, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Rárá, Mà. Àwọn ọmọ kúkúrú ni eré náà máa ń rọ̀ lọ́rùn jù, àwọn ló sì máa ń pẹ́ nídìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jọ bẹ́ẹ̀ lójú. Ohun tó lè fa ìdàgbà sẹ́yìn ni kí ọmọ máa ṣe eré púpọ̀ kó má sì jẹun tó. Ẹ máa bu oúnjẹ fún un dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó fọn nítorí òkìtì.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 9 kan tó ń ṣe jimnásíìkì. Wọ́n ti dín eré rẹ̀ kù, wọ́n ní ó ń sùn dáadáa, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó tún ń sọ pé ọrùn ọwọ́ àti gìgísẹ̀ ń dun òun. Òbí rẹ̀ ní iṣẹ́ ilé ìwé ló ń sá fún. (Tíṣà kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ ṣeun tí ẹ ò dákẹ́. Ọmọ tó bá ti ń sun wákàtí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà kí wọ́n tó fún un lóògùn ibà, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn inú, kí wọ́n sì béèrè jẹnotáìpù rẹ̀. Ẹ lè wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀: tí wọ́n bá funfun ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n má fi falẹ̀. Bí ó bá jẹ́ SS, kó má padà sídìí òkìtì láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, torí àárẹ̀, òùngbẹ àti òtútù ọyẹ́ lè gbé ìrora dìde. Kí wọ́n tún béèrè bóyá ó ń hanrun lóru. Ọmọ tí bèlúbèlú ń dí ní ọ̀nà èémí lè sun wákàtí 10 kó má sì sinmi. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ilé ìlera alábọ́ọ́dé lọ, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì.

Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́. Kó dá ohunkóhun tó bá fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ dúró, dúró, títí ọrùn ọwọ́ á fi jinná, ó ṣì lè máa na ẹsẹ̀. Ní ti gìgísẹ̀, ẹ fi ìka méjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: tó bá dùn ún, ibi tí eegun ti ń dàgbà níbẹ̀ ló ń ṣe é, ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ tó ń fò nírú ọjọ́ orí yìí. Kó sinmi fífò, kó má sáré láìwọ bàtà lórí kọnkéré, kí wọ́n fi áìsì tí wọ́n wé sínú aṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15. Ohun tí a ń rí jù tí kò sì dáa ni kí wọ́n fi àbóníkì wọ́ ọ títí, tàbí fún un lóògùn ara ríro, kó lè padà lọ fò lọ́jọ́ kejì. Oògùn yẹn pa ìkìlọ̀ ara mọ́, kò wo eegun. Tó bá ń tiro, tí ibẹ̀ bá wú, tí ó ń dùn ún lóru, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn ún nígbà tó bá tẹ̀ sẹ́yìn, kó má ta òkìtì kankan mọ́ kí dókítà tó rí i.

Ẹ lè bá wọn ṣe ohun kan: fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ máa kọ aago tí oorun ń kùn ún sílẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó ń dé láti aago 8 àárọ̀ máa ń tọ́ka sí oorun òru, èyí tó ń dé kí àkókò oúnjẹ tó tó máa ń tọ́ka sí ebi. Kí òbí rẹ̀ mú ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.