Balógun Mùsùlùmí kì í ṣe igbákejì Lèmọ́mù

Ọmọ mi, o ní wọ́n fẹ́ fi bàbá yín jẹ Sẹ́ríkí Mùsùlùmí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á máa léwájú ìrun. Mo rí ìdáhùn ẹni tó ní láti Mẹ́kà ni oyè náà ti wá, pé Balógun ni igbákejì Lèmọ́mù, Sẹ́ríkí sì ni ìkẹta. Inú bí mi. Náíbì ni igbákejì Lèmọ́mù. Kí ló kan Mẹ́kà pẹ̀lú Balógun? Oyè ogun ni. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, a gbé e wọ mọ́ṣáláṣí, a sì gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní, "Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé èébú ni. Ìtàn wa ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a tẹ ìlú yìí dó ní 1830, kò sí Aláké lórí wa. Ṣódẹkẹ́ tó kó wa dé abẹ́ Olúmọ, Sẹ́ríkí ni, oyè ogun bíi Balógun, kì í ṣe ọba. Ó di 1854 kí Òkúkẹ́nù tó jẹ Aláké àkọ́kọ́ níhìn-ín. Ògbóni ń dájọ́, Ológun ń jagun, Pàràkòyí ń bójú tó ọjà. Ohun tí onígbàgbọ́ àti ìmàle bá nílé nìyẹn, òun ni wọ́n sì mú lò: ẹni tó ń gbàdúrà lọ́tọ̀, ẹni tó ń dúró fún ìjọ lọ́tọ̀.

Wo 1864. Ìjọba Dahomey tún gbógun tì wá lóṣù kẹta, bí wọ́n ti ṣe ní 1851. Lóṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Crowther lè gbọ́wọ́ lé ènìyàn lórí kó di àlùfáà. John Okenla, Balógun àwọn onígbàgbọ́, kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ń dún, ta ni ìjọ ń tẹ̀ lé?

Àwọn ará Ìbàdàn á ní Balógun ẹ̀sìn tiwọn ló ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ètò olórí nínú ẹ̀sìn fúnra wọn ò sì rí bákan náà. Páápà wà lórí gbogbo Àgùdà. Àwa mùsùlùmí Sùnní ò ní irú rẹ̀. Ní ti Júù, ìdílé Áárónì ló ń rúbọ títí Róòmù fi wó tẹ́ńpìlì ní ọdún 70. Olùkọ́ òfin ni rábì, kì í ṣe arúbọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wo sàfù àkọ́kọ́, ìyẹn ìlà iwájú níbi ìrun. Balógun á wà níbẹ̀ tòun ti láwàní. Bí wọ́n bá pe ìkámà, ìpè pé ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á fi èjìká kan ti bíríkìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lèmọ́mù nìkan ló wà níwájú. Bí ìrun bá parí, tí òrùlé ń jò tàbí tí ọmọ onílẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu, ojú Balógun là ń wò. Balógun ìjọ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè níbi ìkórè, àmọ́ kò jẹ́ ya àkàrà kọmúníọ̀n sí mímọ́. Lónìí, ẹni tó bá ti lówó ni wọ́n ń wé láwàní fún, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó mọ iṣẹ́ oyè.

Sọ fún bàbá yín pé wọn ò ní léwájú ìrun, wọn ò sì ní kọ́ wáàsí. Kí wọ́n wá owó jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ni, torí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí á ti débẹ̀ kí wọ́n tó tú láwàní ọjọ́ ìwúyè.