Ṣé afárá òkúta ìlú Mostar, lórílẹ̀-èdè Bosnia àti Herzegovina, táwọn àlejò ń rí lónìí ni ti àtijọ́ gan-an?

Rárá, ti àtijọ́ ti wó sínú odò Neretva ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1993, nígbà ogun Bosnia, lẹ́yìn táwọn ọmọ ogun Croat ti yin àgbá lù ú léraléra. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i.

Mimar Hayruddin ló kọ́ ti àkọ́kọ́ láyé ìjọba Ottoman, ó sì parí ní 1566. Ọdún 427 ló lò kó tó wó. Àdánù ńlá gbáà ni. Àwọn òmùwẹ̀ wú lára òkúta rẹ̀ jáde, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá lílò. Òkúta àdúgbò náà tí wọ́n ń pè ní tenelija ni wọ́n gbẹ́ ní tuntun, wọ́n sì fi irin àti òjé so ó pọ̀ bíi ti àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló jẹ́ tuntun ṣá: ilé ìṣọ́ méjì tó wà létí afárá, Halebija àti Tara, ti wà tipẹ́. Lójú ọ̀nà ibẹ̀, ẹ ó rí òkúta kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má gbàgbé '93. Ẹ rọra tẹsẹ̀ o, orí afárá náà ń yọ̀.