Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe sáà méjì nílé aṣòfin Ọ̀ṣun fún Òṣogbo. Ṣé òfin gbà á láyè láti díje lẹ́ẹ̀kẹta?

Òfin gbà á láyè. Gómìnà ni abala 182 ìwé òfin 1999 fi sáà méjì dè. Ọdún 4 ni sáà aṣòfin ìpínlẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n bá sì dìbò fún un ló lè padà. Bí ẹgbẹ́ bá ní ó tó, kí àdúgbò mìíràn náà jẹ ńbẹ̀, òṣèlú nìyẹn, kì í ṣe òfin.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní 2018), kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Ní ti ìwé, oníwèé mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ abala 318 fàyè gba oníwèé mẹ́fà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, tó ti gba ẹ̀kọ́ kún un, tó sì lè ka òyìnbó kó sì kọ ọ́, bí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, bá ti gbà á.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń kó bá ọ̀pọ̀: tísà ìjọba ní Òkè-Fìà gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ ó kéré tán ṣáájú ìdìbò.

Ti alága káńsù yàtọ̀ o. OSSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ń ṣètò ìdìbò tiwọn.