Ẹ rán apá mọ́ ẹ̀wù bèbí kí ẹ tó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní apá ẹ̀wù bèbí ìṣeré ọmọ yín kì í wọlé, àti pé bí ẹ bá fipá fà á, ojú rírán á tú. Ojú tèmi náà ti rí i. Ẹ̀wù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ rán, ààtàn ni gbogbo wọn bá lọ.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé mo ń rán an bí ìgbà tí mò ń rán bùbá: mo dí ẹ̀gbẹ́ tán, mo wá ní kí n rán apá mọ́ ọn. Ihò tí ìka kan ṣoṣo ń há sí, ibo ni abẹ́rẹ́ fẹ́ gbà yí i po? Bí ẹ bá ti so èjìká pọ̀, ẹ tẹ́ aṣọ náà pẹrẹsẹ, ẹ rán apá mọ́ ọn, ẹ ṣẹ́ etí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà náà lẹ tó máa dí i lẹ́ẹ̀kan náà, láti abẹ́ apá títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó là délẹ̀, torí ọwọ́ bèbí kì í ṣẹ́ bíi tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ fi ọ̀rá pélébé we ọwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ò ní fa òwú.

Ti títú yẹn, ẹ má tètè gé etí aṣọ mọ́ra. Mílímítà 6 ni mo máa ń fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá rán an tán ni mo ń gé e kù sí 3. Kí abẹ́rẹ́ máa padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, kí ojú rẹ̀ má sì ju mílímítà 2 lọ. Èyí tí a kàn fi òwú mú lásán ò lè gba ìfàkífà ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mi ò fi téèpù wọn bèbí mọ́. Mo máa ń fi ọ̀rá wé e, mo lẹ sẹ́lótéèpù bò ó, mo fi bírò fa ìlà síbi tí ojú rírán máa gbà, mo wá gé e kúrò lára rẹ̀. Òun ni mo fi ń gé aṣọ. Barbie tó wọ́pọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 29, àmọ́ àyà àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà ò rí bákan náà.

Aṣọ ò wọ́n. Télọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa ń kó àgékù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má mú àǹkárá olódòdó ńlá. Ewé kan ṣoṣo á gba gbogbo àyà bèbí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi bá mi nídìí rẹ̀, wọ́n ní ṣé ère ìbejì ni mò ń ránṣọ fún ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi ní àgékù àdìrẹ wọn. Àdìrẹ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí a máa fi bọ́ ẹ̀wù náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àyà àti abíyá bèbí ti di aró. Ọṣẹ ò ràn án. Ìpara irorẹ́ tó ní benzoyl peroxide nínú ni mo fi pa á, mo gbé e sóòrùn, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣí. (Ẹ má jẹ́ kó kan ojú rẹ̀, ó máa ń bó àwọ̀.) Abíyá kan ò ṣí tán títí di òní.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fọ aṣọ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, mo sì ń fi aṣọ funfun tẹ́ inú rẹ̀. Àwọ̀ aṣọ pupa náà máa ń ràn mọ́ bèbí lára bẹ́ẹ̀ o.