Èsì: Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúnná

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé n'Íbàdàn, iyẹ̀pẹ̀ kúnná lẹ kọ́kọ́ bá, kẹ́ ẹ tó wá kan òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ẹ wá ń béèrè ẹni tó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ikán àti ekòló ni mo gbà pé iṣẹ́ náà pọ̀ sí lọ́wọ́ jù.

Ẹnu ikán kéré. Iyẹ̀pẹ̀ kúnná àti amọ̀ ló lè gbé wá sókè láti fi mọ ọ̀gán. Òkúta wúwo jù fún un, ló bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀. Tí ọ̀gán bá ti kú, òjò á wó o, á fọ́n erùpẹ̀ rẹ̀ ká. Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún nìyẹn: orí ilẹ̀ ń ga, òkúta ń rì. Nye, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ṣàlàyé èyí ní 1955 látinú iṣẹ́ tó ṣe lágbègbè Ìbàdàn yín yẹn gan-an.

Tí ilẹ̀ yín bá dà gẹ̀rẹ́, gbòǹgbò igi ló di erùpẹ̀ yẹn mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé gbogbo igi ibẹ̀. Bí àgbàrá bá gbé e lọ, òkúta nìkan lẹ máa bá.