Àwọn Rábì àti Ìwé Ìwọ̀lú Nígbà Ogun

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn rábì (àlùfáà ẹ̀sìn Júù) kan rí ìwé wọ Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn Júù yòókù ṣì wà lórí ìlà. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn? Kí sì ni àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣe gan-an?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ fún ìbéèrè yín. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1924 fi gbèdéke sí iye ènìyàn tó lè wá láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò ka àlùfáà, ẹ̀sìn yòówù kí ó máa ṣe, àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ́ iye náà. Rábì tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé kò gba àyè ẹnikẹ́ni, nítorí náà mi ò lè pè é ní ojúsàájú.

Ẹ̀rí ni ó ṣòro. Nígbà náà, àlùfáà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méjì gbáko ṣáájú, àti pé iṣẹ́ náà ni òun ń bọ̀ wá ṣe. Ibí yìí ni ìrànlọ́wọ́ ti wúlò: ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà yóò kọ ìwé pé àwọn fẹ́ gbà á síṣẹ́. Hebrew Union College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn rábì ní Cincinnati, ṣe bẹ́ẹ̀ fún rábì onímọ̀ Abraham Joshua Heschel, ó sì gúnlẹ̀ ní 1940. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì jó ìwé ẹ̀rí Albert Lewkowitz, olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan náà pè, ní Rotterdam ní Netherlands ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ní kí ó lọ gba òmíràn láti Jámánì, níbi tí ó ti sá kúrò! Bergen-Belsen, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì, ni wọ́n padà kó o lọ, kí wọ́n tó fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn ará Jámánì ní 1944. Ó ń dùn mí títí di òní pé ìwé lásán lè já ẹ̀mí ènìyàn sí irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn rábì ní Amẹ́ríkà dá Vaad Hatzala sílẹ̀ ní 1939 láti gba àwọn rábì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó sá láti Poland dé Lithuania là. Nígbà tí físà Amẹ́ríkà ń falẹ̀, Jan Zwartendijk, aṣojú Netherlands ní Kaunas ní Lithuania, kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà wọn pé Curaçao, erékùṣù Netherlands ní Caribbean, kò béèrè físà, kò sì mẹ́nu kan àṣẹ gómìnà tí ibẹ̀ ń béèrè. Chiune Sugihara, aṣojú Japan, gbára lé e, ó sì buwọ́ lu físà tó lé ní 2,000 fún àwọn tó fẹ́ gba Japan kọjá. Báyìí ni àwọn ará Mir, ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Júù láti Poland, ṣe la Siberia kọjá dé Kobe ní Japan, tí wọ́n sì parí ogun ní Shanghai.